The Dæmons (Doctor Who, 1971): ṣé ìparí rẹ̀ tó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Àyìnlá_Swindon | Sátidé, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. A ti fẹnu kò pé The Dæmons ni ká wò tẹ̀ lé e nínú àwọn Doctor Who àtijọ́, eré tẹlifíṣọ̀n BBC yẹn. Mo ti wò ó láti apá kìíní dé apá karùn-ún. Kí n tó sọ tẹnu mi, ẹ jẹ́ kí n ro ìtàn náà ní ṣókí fún ẹni tí kò tíì rí i.

BBC1 ló gbé e jáde ní Sátidé márùn-ún léraléra, láti ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún títí di ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1971. Jon Pertwee ni Dókítà, akọni eré náà, nígbà náà, Katy Manning ni Jo Grant tó ń bá a ṣiṣẹ́, Roger Delgado sì ni Master, ọ̀tá rẹ̀. Abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè ní Devil's End. Òkìtì ìsìnkú ayé àtijọ́ kan wà nítòsí rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n awalẹ̀pìtàn tó ń jẹ́ Horner sì fẹ́ ṣí i lóru ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kẹrin, ní agogo méjìlá òru gan-an, lójú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin kan lábúlé náà, Miss Hawthorne, ń pariwo pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní orí rẹ̀ ò pé. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé víkà tuntun tó dé sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Magister, Master fúnra rẹ̀ ni, àti pé ó ń ṣe ètùtù nínú ihò abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì láti jí ohun tó sùn sínú òkìtì náà.

Azal lohun náà ń jẹ́. Ó ní ìwo lórí, ó ní pátákò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Sátánì. Ayé mìíràn tó ń jẹ́ Damos ni irú wọn ti wá síbí láti nǹkan bí 100,000 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń fi ìran ènìyàn ṣe ìwádìí. Wọ́n ràn wá lọ́wọ́ níbi tó wù wọ́n, wọ́n sì lè pa gbogbo rẹ̀ run bí àbájáde rẹ̀ kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Àwòrán tí ìran ènìyàn ní lọ́kàn nípa ẹ̀mí èṣù tó ní ìwo, ìrántí wọn ni.

Nígbà tó di apá karùn-ún, Azal fẹ́ gbé agbára rẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́. Dókítà kọ̀ ọ́. Azal ní òun á fún Master, òun á sì pa Dókítà. Jo bọ́ síwájú, ó ní kó pa òun dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yé Azal. Ó dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́, agbára rẹ̀ yí padà sí i lára, òun àti ṣọ́ọ̀ṣì náà sì fọ́ yángá.

Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ibi tí eré náà ti ṣubú nìyẹn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, láti apá kìíní ni wọ́n ti ń fi hàn wá pé ẹ̀rù tó ń ba olúkúlùkù nítorí ara rẹ̀ ni agbára burúkú náà fi ń di abúlé yẹn mú. Ìgbà tí ẹnì kan ò bá ti ro ti ara rẹ̀ mọ́, ọwọ́ agbára náà já. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ_Ẹpẹ́ | Sátidé, 9:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Àyìnlá, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n mi ò bá yín dé ibẹ̀ yẹn rárá.

Apá kìíní dára débi pé mi ò lè dìde lórí àga. Òjò, àrá, ọkùnrin tó mú ajá rẹ̀ jáde lóru tí kò padà wálé. Horner tó ń gbéra ga lójú tẹlifíṣọ̀n. Dókítà tó ń sáré bọ̀ nínú Bessie, ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ yẹn, tí afẹ́fẹ́ sì yí pátákó tó ń júwe ọ̀nà fún un padà. Ó dé, ó pẹ́. Òkìtì ṣí, afẹ́fẹ́ òtútù jáde, ó pa Horner, Dókítà fúnra rẹ̀ sì dì gbagidi. Tẹlifíṣọ̀n mìíràn ò lè dẹ́rù bani jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo apá karùn-ún. Ẹ̀dá tó lè pa ayé rẹ́, ọ̀dọ́bìnrin kan sọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí i, ó bú gbàmù. Láti 100,000 ọdún ló ti ń wo ènìyàn. Ṣé kò rí ìyá tó kú torí ọmọ rẹ̀ rí ni? Ṣé kò rí jagunjagun tó dúró kí àwọn yòókù lè sá? Olùwádìí wo ni yóò ṣèwádìí tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bẹ́ẹ̀ ò ní hàn sí i?

ÌyáTóyè | Sátidé, 9:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ Ẹpẹ́, ìbéèrè rẹ lágbára, màá padà wá dáhùn rẹ̀. Obìnrin tí ẹ fò dá yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Damaris Hayman ló ṣe Miss Hawthorne, ó sì ṣe é dáadáa. Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó tọ àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ níwájú gbogbo ayé, ó kìlọ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n lójúkojú. Ó lọ bá víkà tuntun, ó bi í léèrè ibi tí víkà àtijọ́ gbà tó fi lọ lóru láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìjì jà, tí agbára òkùnkùn gun ọlọ́pàá abúlé náà tó fi gbé òkúta láti fọ́ ọ lórí, obìnrin yìí dúró sójú kan, ó ń pe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀. Ìjì rọlẹ̀. Ọlọ́pàá lajú, kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Dókítà ní sáyẹ́ǹsì ni gbogbo rẹ̀. Miss Hawthorne ní idán ni. Dókítà ṣàlàyé pé ìmọ̀lára àwọn ènìyàn tó péjọ, ẹ̀rù wọn àti ìbínú wọn, ló ń di agbára tí Master ń lò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló fi ìmọ̀ yẹn gba Dókítà là? Lápá kẹrin, nígbà tí àwọn oníjó Morris, ijó ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú Dókítà, tí wọ́n so ó mọ́ òpó ijó ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, tí wọ́n fẹ́ dáná sun ún, obìnrin yìí ló jáde tó pariwo pé oṣó ńlá ni ọkùnrin yìí, pé kí wọ́n ṣọ́ra. Ó ní kí Dókítà fi ọwọ́ júwe, Sájẹ́ńtì Benton ti UNIT, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Dókítà ń bá ṣiṣẹ́, tó fara pamọ́ sì ń yìnbọn tí kò ń dún, gílóòbù ń fọ́. Ọkọ̀ Bessie ń dá rìn, Dókítà ló ń fi rìmóòtù darí rẹ̀. Ojora mú gbogbo wọn. Ó mọ ìgbàgbọ́ àwọn ará abúlé rẹ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi í gba ẹ̀mí là. Ọ̀mọ̀wé inú ìlú ńlá ò lè ṣe ìyẹn.

Bí wọ́n bá ti gbọ́ tirẹ̀ ní apá kìíní, eré ì bá ti tán níbẹ̀.

Tísà_Físíìsì | Sátidé, 10:20 alẹ́

Mo kí yín o. Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín múná.

Ẹ jẹ́ kí n bá wọn yẹ sáyẹ́ǹsì náà wò, nítorí inú mi dùn sí i púpọ̀, mo sì máa ń fi í kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Àlàyé Dókítà ni pé nígbà tí Azal tàbí ọkọ̀ rẹ̀ bá súnkì, ìwúwo tó sọnù ń di ooru. Nígbà tó bá ń tóbi, ó ń fa agbára láti àyíká rẹ̀, òtútù á sì dé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi dì nígbà tí òkìtì ṣí. Ó lo ìlànà Einstein, E=mc², fún un.

Ìlànà náà pé. Ìwọ̀n rẹ̀ ni kò ṣeé gbé. Kílò kan péré, bí ó bá di agbára tán pátápátá, yóò tó ìbúgbàmù mẹ́gátọ́ọ̀nù 21 ti TNT. Bọ́ǹbù tó pa Hiroshima run ní 1945, ohun tó yí padà di agbára nínú rẹ̀ kò tó gíráàmù kan. Azal tó ga ju ilé lọ wá súnkì tán, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lódindi ni ì bá lọ, kì í ṣe kí koríko kan jóná. Ẹ sì rántí pé ọkọ̀ rẹ̀ kékeré tí wọ́n bá nínú òkìtì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn ò lè gbé e. Bí ìwúwo náà bá ṣì wà níbẹ̀, kí ló wá di ooru?

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n fún idán náà ní òfin. A mọ̀ pé òtútù ń bọ̀ kí ooru tó dé. Nígbà tí ògiri ooru yí abúlé náà ká, tí ọkọ̀ akẹ́rù kan kọ lù ú tó jóná, ẹ̀rù bà wá nítorí a ti mọ òfin rẹ̀. Nígbà tí Osgood, onímọ̀ ẹ̀rọ UNIT, ń gbìyànjú láti to ẹ̀rọ tí Dókítà júwe fún un kí wọ́n lè lu ògiri náà, tí kò sì yé e, mo bá a làágùn.

Díákónì_Ọlá | Àìkú, 2:15 ọ̀sán

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àkókò tí àwọn ọmọdé ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin tó wọ aṣọ víkà ń pe ẹ̀mí òkùnkùn lábẹ́ ilé Ọlọ́run, ṣọ́ọ̀ṣì sì bú gbàmù ní ìkẹyìn. Mo mọ̀ pé eré ni. Mo sì ń bi yín tọkàntọkàn: ṣé kò sí ẹni tó rò ó wò nígbà náà?

Gbénró_Peckham | Àìkú, 3:02 ọ̀sán

Díákónì, ẹ kú ìsinmi. Wọ́n rò ó wò o, wọ́n sì rò ó gidigidi.

Ẹni tó kọ ọ́ lórúkọ ni "Guy Leopold", ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Robert Sloman àti Barry Letts ni wọ́n jọ kọ ọ́. Guy lorúkọ ọmọ Sloman, Leopold sì wà lára orúkọ Letts. Letts náà ló ń ṣe olùgbéjáde Doctor Who nígbà náà, Terrance Dicks sì ni olóòtú ìtàn. Ohun tí Letts fi bẹ̀rẹ̀ ni ìran kúkurú kan tó ti kọ láti fi dán àwọn tó fẹ́ ṣe Jo wò. Ó ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń dẹ́rù bani. Ó wù ú láti sọ ọ́ di odindi eré.

Nítorí pé wọn ò fẹ́ kan ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni lábùkù, wọ́n pinnu pé inú ihò ni Master ti ń ṣe ètùtù rẹ̀, kì í ṣe inú yàrá ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń pè dáadáa: orin àwọn ọmọdé nípa Mary àti ọ̀dọ́ àgùntàn rẹ̀ ni wọ́n kà sẹ́yìn, kí ó má bàa jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gidi. Ṣọ́ọ̀ṣì tó bú gbàmù, èyí tí wọ́n kọ́ ní kékeré ni. Ti Aldbourne, abúlé tí wọ́n ti ya eré náà, ṣì dúró dáadáa.

Díákónì_Ọlá | Àìkú, 3:20 ọ̀sán

Mo dúpẹ́, Gbénró. Ó fọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọmọ ọdún márùn-ún síwájú rẹ̀.

ÌyáTóyè | Àìkú, 3:31 ọ̀sán

Ẹ ṣe ohun tó yẹ, Díákónì. Èmi náà ò ní fi í síwájú rẹ̀.

Àyìnlá_Swindon | Àìkú, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Gbénró ti dárúkọ Aldbourne, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa rẹ̀, torí ibi tí mò ń gbé kò jìnnà síbẹ̀. Ní Wiltshire ló wà. Ìta gbangba eléwéko kan wà láàárín abúlé, ṣọ́ọ̀ṣì St Michael wà lókè rẹ̀, ilé ọtí Blue Boar sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé ọtí yẹn ni wọ́n sọ di "The Cloven Hoof" nínú eré náà. Inú oṣù Kẹrin ọdún 1971 ni Christopher Barry, olùdarí rẹ̀, kó wọn lọ síbẹ̀. Títí di òní, bí o bá dúró níbi ìta yẹn, o ò ní ṣi ibi tí wọ́n ri òpó ijó náà sí mọ̀. Oríṣi àlejò méjì ló ń wá sí Aldbourne: àwọn tó ń wá Devil's End, àti àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń wá ibi tí àwọn ọmọ ogun 101st Airborne dó sí kí wọ́n tó fò lọ sí Normandy ní 1944.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù nìyí. Horner tó ń gbẹ́ òkìtì lójú tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe àlá òǹkọ̀wé. Ní agbègbè Wiltshire kan náà, Silbury Hill wà lẹ́bàá Avebury. Ọwọ́ ènìyàn ló kó o jọ, ó ga tó nǹkan bíi mítà 40, kò sì sí òkìtì àtọwọ́dá ayé àtijọ́ tó tóbi jù ú lọ ní Yúróòpù. Láti 1968 sí 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Atkinson gbẹ́ ihò wọ inú rẹ̀, BBC ló náwó sí i, wọ́n sì ń gbé e sí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ènìyàn ń retí ìṣúra, ń retí òkú ọba. Wọn ò rí ìkankan. Ohun tí wọ́n rí ni ilẹ̀, koríko àti kòkòrò tó ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé, èyí tí àwọn onímọ̀ kà sí ohun iyebíye, ṣùgbọ́n tí òǹwòran ò kà sí nǹkan.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni The Dæmons jáde. Àwọn tó wò ó ní 1971 ti rí BBC tó ń gbẹ́ òkìtì lóòótọ́. Ìbéèrè tó kù lọ́kàn wọn ni eré náà gbá mú: bí nǹkan bá wà níbẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ òkìtì yẹn ò sì tán síbẹ̀. Ní 2000, ihò kan ya lórí Silbury, níbi tí àwọn kan ti gbẹ́ ẹ ní 1776. Ní 2007 sí 2008, English Heritage, àjọ tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní láti padà wọ inú ihò Atkinson, kí wọ́n dí i pa.

Tísà_Físíìsì | Àìkú, 5:26 ìrọ̀lẹ́

Mi ò mọ èyí rí! Ó yí bí mo ṣe rí apá kìíní padà pátápátá. Nínú eré, BBC3 ni wọ́n pe ilé iṣẹ́ tó ń gbé e jáde. BBC Three gidi kò dé àfi ní 2003.

Ọmọ_Ẹpẹ́ | Àìkú, 7:44 alẹ́

Silbury yìí gba ìbẹ̀rẹ̀ là lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. Kò gba ìparí là. Mo ṣì ń dúró de ìdáhùn Ìyá.

ÌyáTóyè | Àìkú, 8:30 alẹ́

Ìdáhùn rẹ dé, ọmọ mi. Padà lọ wo apá kẹta, ìpàdé tí Master pe àwọn ará abúlé sí.

Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún wọn bí olórí tó fẹ́ ire wọn. Ó ní kí wọ́n fi ọkàn tán òun. Wọ́n ń kùn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí: ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, ṣé ó ṣì ń bu owó lé ìwé ìdíyelé àwọn olówó? Ẹni tó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ìgbà wo ló máa jẹ́ kí ìwé ìṣirò rẹ̀ dọ́gba? Ojú ń ti wọ́n, wọ́n ń wolẹ̀. Ẹni tí ojú bá ti tì, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo òun, yóò dákẹ́. Squire Winstanley nìkan ló dìde tó ní òun ò gbà. Master ké sí Bok, ère òkúta abìyẹ́ yẹn, Bok wọlé, ó na ọwọ́, Squire di asán lójú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n gbà.

Ọmọ Ẹpẹ́, ìwọ náà rí i pé Azal ò tíì wọ inú ilé yẹn nígbà náà. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹ̀rù àti àṣírí tó ti wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀ ni Master fi mú wọn.

Ìyẹn ni mo fi ń dá ọ lóhùn nípa ìyá tó kú torí ọmọ. Inú òkìtì ni Azal ti ń sùn. Àwọn tó ń jí i ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ta ló sì ń jí irú rẹ̀? Ẹni tó ń wá agbára ni. Ìyá tó ń kú torí ọmọ rẹ̀ kì í lọ pe ohun tó sùn lábẹ́ òkìtì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pè é, irú Master ló ń rí. Dókítà ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọ agbára rẹ̀, Jo sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ẹ̀mí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, nínú ihò tí kò sí ẹlòmíràn tó wọ̀ ọ́ bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ gba nǹkan.

Àyìnlá_Swindon | Àìkú, 8:41 alẹ́

Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Ẹpẹ́ | Àìkú, 9:12 alẹ́

Ìyá, mo gbọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ìtumọ̀ yín dára ju èyí tí eré náà fúnra rẹ̀ fún wa lọ. Ẹ̀dùn ọkàn mi nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé irú Master nìkan ló ń jí Azal, kí ló dé tí wọn ò fi kí gbólóhùn kan péré bọ̀ ọ́ lẹ́nu nípa àwọn tó ti pè é rí? Dókítà ní àkókò tó pọ̀ lápá kẹta láti ṣí ìwé, kí ó fi àwòrán àwọn òrìṣà oníwo ilẹ̀ Íjíbítì àti ti ibòmíràn hàn wá. Ṣùgbọ́n ohun tí Azal gbà gbọ́ nípa ènìyàn, ohun tí gbogbo ìparí dúró lé lórí, kò yé wa àfi nígbà tó ti ń ya lulẹ̀.

Lápá kẹta àti ìkẹrin, hẹlikópítà ń lé Bessie, alùpùpù ń sáré, Kápútẹ́nì Yates àti Sájẹ́ńtì Benton ń jà nínú ilé ọtí. Ó dùn ún wò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú rẹ̀ ì bá ti tó.

Tísà_Físíìsì | Àìkú, 9:35 alẹ́

Mo gbà pẹ̀lú Ọmọ Ẹpẹ́ nípa ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún ọ̀rọ̀ Ìyá. Olùwádìí tó bá ti mọ ohun tó ń wá, ohun tó ń wá nìkan ló máa ń rí. Agbára ni Azal ń wọ̀n: ta ló lágbára jù, ta ló yẹ kó jogún rẹ̀. Kò sí àyè fún ohun tí Jo ṣe nínú ìwọ̀n rẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ju nọ́ńbà tó tọ̀nà nù nítorí kò bá èyí tí wọ́n ń retí mu.

Gbénró_Peckham | Àìkú, 10:03 alẹ́

Ẹ wo bí a ṣe ń jà lórí ohun tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ o. Nígbà náà, BBC máa ń nu téèpù rẹ̀ láti fi gba nǹkan mìíràn. Nínú apá márààrún The Dæmons, apá kẹrin nìkan ni téèpù aláwọ̀ rẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kù sílẹ̀. Àwọn yòókù di fíìmù dúdú-àti-funfun. Ẹnì kan ní Amẹ́ríkà ti gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ lórí téèpù ilé nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde níbẹ̀. Ní 1992, wọ́n mú àwọ̀ téèpù Amẹ́ríkà yẹn, wọ́n fi bo fíìmù dúdú-àti-funfun tó mọ́ gaara, BBC2 sì tún gbé e jáde lọ́dún náà. Pupa aṣọ tí Master wọ̀ nínú ihò yẹn, iṣẹ́ àwọn wọ̀nyẹn ni. Mo máa ń rántí wọn pẹ̀lú ọpẹ́.

Mo tún fẹ́ kí ẹ fi í wé The Story & the Engine, Doctor Who ti 2025, èyí tí Inua Ellams kọ, tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Èkó. Níbẹ̀, ìtàn tí àwọn ọkùnrin tó há sínú ṣọ́ọ̀bù ń sọ ló ń gbé ẹ̀rọ kan rìn. Ní 1971, ẹ̀rù àwọn ará abúlé ló ń bọ́ Azal. Ohun tó wà nínú ènìyàn ni àwọn méjèèjì ń jẹ, ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta sì wà láàárín wọn. Ọmọ Ẹpẹ́, nínú ti Èkó, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà nílò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ohun tí ẹ ń béèrè fún nìyẹn.

Ọmọ_Ẹpẹ́ | Àìkú, 10:15 alẹ́

Òun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n Gbénró. Wọ́n sọ iye rẹ̀ fún wa kí wọ́n tó ní ká sanwó.

Adé_tuntun | Ajé, 7:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ ni. Níbo ni mo ti lè rí i?

Gbénró_Peckham | Ajé, 8:30 àárọ̀

Káàbọ̀, Adé. Bí o bá wà ní Bìrìtìkó, BBC kó àwọn Doctor Who àtijọ́ sórí iPlayer láti oṣù Kọkànlá ọdún 2023. DVD rẹ̀ ti wà láti 2012. Barry Letts náà sọ ọ́ di ìwé ní 1974, ó rọrùn láti kà.

ÌyáTóyè | Ajé, 1:05 ọ̀sán

Adé, ìwọ ọmọ yìí, bí o bá dé ibi tí Brigadier, ọ̀gá UNIT, ti rí Bok, tó wo ohun abìyẹ́ yẹn, tó ní kí ọmọ ogun rẹ̀ yìnbọn márùn-ún sí i kíákíá, má ṣe yára kọjá. Nicholas Courtney ló ṣe é. Kò gbóhùn sókè, ojú rẹ̀ ò yí padà. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, ó sì ṣe é níwájú ohun tí kò mọ̀. Èmi fẹ́ràn ọkùnrin yẹn títí dòní.

Àyìnlá_Swindon | Ajé, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Èyí tó kàn ńkọ́? Mo dábàá The Awakening ti 1984. Peter Davison ni Dókítà níbẹ̀, apá méjì péré ni, abúlé kan ló tún ti ṣẹlẹ̀. Little Hodcombe lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe eré ìrántí ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1643, ohun kan tó ń jẹ́ Malus wà lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ìkórìíra inú eré náà ló sì ń jẹ. Ẹ wò ó pẹ̀lú ìbéèrè Ọmọ Ẹpẹ́ lọ́kàn: ṣé wọ́n sọ òfin ohun náà fún wa kó tó di ìparí?

Tísà_Físíìsì | Ajé, 6:44 ìrọ̀lẹ́

Mo fọwọ́ sí i. Image of the Fendahl ti 1977 ni kó tẹ̀ lé e. Agbárí tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù 12 ọdún wà níbẹ̀, ìyá àgbà abúlé kan tó mọ ju àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ sì wà níbẹ̀. Ìyá Tóyè á fẹ́ràn rẹ̀.

ÌyáTóyè | Ajé, 7:02 alẹ́

Ẹ ti mú mi. Sátidé tó ń bọ̀, The Awakening, kí kálukú ti wò ó tán kó tó di agogo mẹ́jọ alẹ́. Ọmọ Ẹpẹ́, ìwọ ni wàá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ_Ẹpẹ́ | Ajé, 7:09 alẹ́

Ẹ ṣé, mà. Mo ti gbà.